Bí Ẹgbẹ́ Ṣe Lè Pín Fọ́tò Ìsinmi àti ti Ẹ̀dá Inú Igbó Láìba Wọ́n Jẹ́

Bí èèyàn mẹ́wàá bá jọ lọ ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, tí kálukú ń ya fọ́tò 30 lójúmọ́, fọ́tò 2,100 ni wọ́n máa gbé dé. Ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé e kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Wọ́n á da gbogbo rẹ̀ sínú gúrúùpù WhatsApp, omi kan náà tó ń já lórí àpáta á fara hàn nígbà ogójì, àwàdà á bo àwọn tó dáa mọ́lẹ̀. Tó bá wá di oṣù kẹta, ẹni tó fẹ́ tẹ ọ̀kan jáde láti gbé kọ́ ògiri á rí i pé èyí tó wà lọ́wọ́ òun ti ṣe bàìbàì. Kámẹ́rà ò jẹ̀bi. Ọ̀nà tí wọ́n gbà fi ránṣẹ́ ló bà á jẹ́, àti pé wọn ò ṣe àdéhùn kankan kí wọ́n tó kúrò nílé.

Kí ẹ tó gbéra

Ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa bójú tó fọ́tò. Ẹnì kan ṣoṣo ni o. Tí wọ́n bá ti pé mẹ́ta, kálukú á máa rò pé ẹnì kejì ti ṣe é. Òun ni yóò ṣí álúbọ́ọ̀mù, tí yóò dá ọjọ́ tí gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ ti kó tiwọn wọlé, tí yóò yọ àwọn tó jọra, tí wọ́n á sì lọ bá bí ẹnì kan bá fẹ́ kí wọ́n yọ fọ́tò òun kúrò. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí ẹ bá dé ti tó. Bí ẹ bá fún wọn ní oṣù kan, wọ́n á gbàgbé ibi tí wọ́n ti ya ìdajì rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, aago. Èyí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í rántí, òun ló sì máa ń da álúbọ́ọ̀mù rú jù lọ. Fóònù máa ń gba aago láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nítorí náà ó máa ń yí padà fúnra rẹ̀ bí ẹ bá wọ ilẹ̀ tí aago wọn yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń tún aago rẹ̀ ṣe, ibi tí wọ́n bá fi í sí náà ló máa wà, ó sì tún lè máa sáré tàbí kó máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Nígbà tí áàpù bá wá fi àkókò to fọ́tò gbogbo yín, oúnjẹ ọ̀sán á ṣáájú oòrùn àárọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, kí ẹnì kan gbé fóònù tó ń fi aago hàn sókè, kí gbogbo àwọn tó ní kámẹ́rà ya fọ́tò fóònù náà. Ká ní ohun tó hàn lójú fóònù ni 9:14, ṣùgbọ́n tí fáìlì kámẹ́rà kan sọ pé 8:02 ni wọ́n ya fọ́tò yẹn, ẹ ti mọ̀ pé kámẹ́rà náà fi wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 12 sẹ́yìn. Ẹ kó gbogbo fọ́tò kámẹ́rà yẹn sínú fódà kan, kí ẹ sì lo ExifTool, irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Phil Harvey ṣe. Ohun tí ẹ máa tẹ̀ lójú fèrèsé àṣẹ kọ̀ǹpútà (Command Prompt tàbí Terminal) nìyí:

exiftool "-AllDates+=1:12" KAMERA1

KAMERA1 ni orúkọ fódà. Bí aago kámẹ́rà bá ń sáré ṣáájú, ẹ fi àmì ìyọkúrò sí ipò àmì ìròpọ̀. ExifTool máa ń fi fáìlì àtijọ́ pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tuntun, á sì fi "_original" kún ìparí orúkọ rẹ̀, nítorí náà bí ẹ bá ṣi ìṣirò ṣe, kò sí ohun tó bàjẹ́. Àmọ́ ẹ ṣe é kí ẹ tó kó fọ́tò sínú álúbọ́ọ̀mù, torí ohun tí ẹ bá ṣe sí èyí tó wà nílé kò ní kan èyí tó ti lọ.

Orúkọ fáìlì náà ní wàhálà tiẹ̀. Kámẹ́rà máa ń fi nọ́ńbà mẹ́rin sọ fọ́tò lórúkọ, bíi IMG_0001, tó bá sì dé 9999 á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èèyàn méjì tó ń lo kámẹ́rà ilé iṣẹ́ kan náà lè ní IMG_0412 kálukú. Bí ẹ bá da méjèèjì sínú fódà kan, kọ̀ǹpútà á béèrè bóyá kó fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, ẹni tó ti rẹ̀ á sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Fọ́tò kan lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí kálukú ní fódà tiẹ̀, tàbí kí ẹ yí orúkọ wọn padà kí wọ́n tó pàdé, báyìí: 2025-08-14_ade_0412. Ọdún ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà oṣù, lẹ́yìn náà ọjọ́, kí kọ̀ǹpútà lè tò wọ́n bó ṣe yẹ láìní kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́.

Ní ti irú fáìlì, láti ìgbà tí iOS 11 ti jáde lọ́dún 2017 ni iPhone ti ń fi fọ́tò pamọ́ bíi HEIC. Kò gba ààyè tó JPEG, irú fáìlì fọ́tò tó wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn kọ̀ǹpútà kan tó ti pẹ́ kì í lè ṣí i. Bí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ẹgbẹ́, kí àwọn oní-iPhone lọ sí "Settings", "Camera", "Formats", kí wọ́n sì yan "Most Compatible". Bí kò bá sí, ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Àwọn tó ń ya RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, ní tiwọn, kí wọ́n fi RAW pamọ́ fún ara wọn, JPEG ni kí wọ́n fún ẹgbẹ́.

Ibi tí fọ́tò ti ń bàjẹ́

Fọ́tò fóònù tó jẹ́ mẹ́gápíksẹ́lì 12 máa ń fẹ̀ tó píksẹ́lì 4,000 níbùú, 3,000 lóòró. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́nà tí gbogbo ayé ń gbà ṣe é, WhatsApp á gé e kéré títí ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù á fi ṣẹ́ kù sí nǹkan bí 1,600. Lójú fóònù, ẹ ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò yìí: láti tẹ fọ́tò jáde kó mọ́ dáadáa, wọ́n sábà máa ń fẹ́ píksẹ́lì 300 sí ínǹṣì kan. Páálí kékeré tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 nílò nǹkan bíi 1,800 sí 1,200, nítorí náà 1,600 ṣì lè gbìyànjú níbẹ̀. A4 nílò 3,508 sí 2,480. Kò sí ibi tí 1,600 ti fẹ́ rí ìyẹn mú wá. Ìdí tó fi máa ń ṣe bàìbàì lára ògiri nìyẹn.

"HD" tí WhatsApp gbé jáde ní 2023 sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ òun náà ṣì ń fún fọ́tò pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kó dé bó ṣe kúrò lọ́dọ̀ yín gan-an, ẹ tẹ àmì tí ẹ fi ń so nǹkan mọ́ ọ̀rọ̀, ẹ yan "Document" dípò "Gallery", kí ẹ wá mú fọ́tò náà níbẹ̀. Kò ní gé ohunkóhun kúrò. Kò ní gé ohunkóhun, ìyẹn ni pé ibi tí ẹ ti yà á, tí fóònù kọ sínú fáìlì, náà á bá a lọ, bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá fi ránṣẹ́ lọ́nà ti gbogbo ìgbà, WhatsApp máa ń yọ ọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Fún ẹgbẹ́ tó ju èèyàn márùn-ún lọ, álúbọ́ọ̀mù àjọpín ló dáa jù. Lórí Google Photos, ẹni tó ń bójú tó fọ́tò á ṣẹ̀dá álúbọ́ọ̀mù, á fún un lórúkọ tó ní ọdún nínú, á tẹ "Share", á sì rí i pé "Collaborate" wà ní títàn kí àwọn yòókù lè fi tiwọn kún un. Ohun mẹ́ta wà tí gbogbo èèyàn gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú. Èkíní, gígábáìtì 15 ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail àti Drive sì ń jẹ nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni gbogbo fọ́tò tuntun ti ń gba àyè nínú ìwọ̀n yẹn. Bí lẹ́tà Gmail ẹnì kan bá ti kún, fọ́tò rẹ̀ ò ní gòkè, ó sì lè má mọ̀. Èkejì, bí ẹni tó fi fọ́tò síbẹ̀ bá pa á rẹ́ nínú áàpù Google Photos tirẹ̀ torí pé ó ń wá àyè, ó ti kúrò nínú álúbọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ràn fọ́tò kan gbọ́dọ̀ fi pamọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kó má fọkàn tán pé á máa wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni tí líǹkì bá dé ọwọ́ rẹ̀ lè wo gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, yálà ẹ mọ̀ ọ́n tàbí ẹ ò mọ̀ ọ́n.

Álúbọ́ọ̀mù àjọpín ti iCloud rọrùn bí gbogbo yín bá ń lo iPhone, ṣùgbọ́n ó máa ń dín ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù kù sí 2,048. Ó dáa fún wíwò, kò dáa fún títẹ̀ sórí páálí ńlá.

Níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ò ti lágbára tàbí tí dátà wọ́n, ẹ má fi ara yín níyà. AirDrop láàárín iPhone sí iPhone, àti Quick Share láàárín Android sí Android, kì í jẹ dátà rárá, wọn kì í sì í gé fọ́tò. Ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wá lè fi wáyà gba ti gbogbo èèyàn lálaalẹ́, fódà kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní tòótọ́, bí ẹ bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, òun ló ju gbogbo áàpù lọ.

Yíyàn àti títún ṣe

Ẹni tó ya fọ́tò ni kó kọ́kọ́ sẹ́ ẹ. Ẹ fi òfin kan lélẹ̀ pé kò gbọ́dọ̀ ju 15 lọ fún ẹnì kan lójúmọ́. Àwọn kan á bínú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú. Àwọn náà ni wọ́n máa dúpẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń wo ti ẹlòmíràn. Fún fọ́tò ẹranko àti ẹyẹ, ẹ fa á tóbi títí ẹ fi rí ojú rẹ̀. Bí ojú bá mọ́ kedere, ìyókù lè rí bó ṣe fẹ́. Bí ìyẹ́ bá mọ́ tí ojú kò mọ́, ẹ fi sílẹ̀, bó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dùn tó. Nínú mẹ́wàá tí ẹ yà léraléra bí ẹyẹ ṣe ń fò, ọ̀kan ṣoṣo ni kó lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ pa àwọn yòókù rẹ́ nílé, ẹ kàn má kó wọn wá ni.

Ní ti àtúnṣe, ẹ jẹ́ kó mọ níwọ̀n. Ẹ tọ́ ìlà tí òkun àti sánmà ti pàdé kó má dagun, ẹ gé etí tí kò wúlò, ẹ mú ibi tó ṣókùnkùn mọ́lẹ̀ díẹ̀. Inú fáìlì àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti máa ṣe é nígbà gbogbo. JPEG máa ń pàdánù díẹ̀ lára ìmọ́gaara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún un ṣe tí wọ́n sì tún un fi pamọ́, nítorí náà àtúnṣe lórí àtúnṣe á máa jẹ ẹ́ níkọ̀ọ̀kan. Bí àwọ̀ fọ́tò kámẹ́rà bá ṣì lójú fóònù àwọn ẹlòmíràn, tó dà bíi pé wọ́n fi omi là á, ẹ lọ wo ètò àwọ̀ kámẹ́rà náà bóyá Adobe RGB ni wọ́n fi í sí; sRGB ló yẹ kó jẹ́. Ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ kí wọ́n kàn máa wò, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ gígùn rẹ̀ sí 2,048, kí ìwọ̀n ìmọ́gaara JPEG wà láàárín 80 sí 85. Á fúyẹ́ fún àwọn tí dátà wọn kéré, ojú kò sì ní rí ìyàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò

"Ẹyẹ" kì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò. Èyí ni: "Lékelèké mẹ́ta lẹ́yìn màlúù, etí odò, ìdájí ọjọ́ kejì. Ẹni tó yà á: Adé." Kí ni, ibo ni, ìgbà wo ni, ta ló yà á. Bí ẹ bá mọ̀ pé lékelèké ni, ẹ kọ ọ́. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ kọ "ẹyẹ funfun kan ẹlẹ́sẹ̀ gígùn", ó sàn ju orúkọ tí ẹ kàn fọgbọ́n mú. Orúkọ tó ṣì máa ń rìn jìnnà, torí ẹni tó bá rí i á gbà pé ẹ mọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ sínú áàpù sábà máa ń jókòó sínú áàpù náà ni. Bí ẹnì kan bá gba fọ́tò sílẹ̀, fọ́tò nìkan ló máa rí. Èyí tí ẹ bá kọ sínú fáìlì gan-an, sí àyè IPTC, ìyẹn àyè ọ̀rọ̀ inú fáìlì fọ́tò, tí ọ̀pọ̀ áàpù kọ̀ǹpútà fún ṣíṣètò fọ́tò máa ń ṣí sílẹ̀, á máa bá a lọ síbi tí fáìlì náà bá lọ. Fún fọ́tò tó ṣe pàtàkì, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

Kí ẹlòmíràn lè bá yín mọ ohun tí ẹ yà, fọ́tò kan kì í tó. Fún ewéko, ẹ ya ojú ewé àti ẹ̀yìn rẹ̀, òdòdó, èèpo igi, kí ẹ sì fà sẹ́yìn ya gbogbo rẹ̀. Fún olú, abẹ́ rẹ̀ ṣe pàtàkì ju orí lọ, àti ìdí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wọ ilẹ̀. Fún ẹyẹ, ẹ wá àgógó ẹnu àti ẹsẹ̀. Fún labalábá, ìhà òkè ìyẹ́ àti ìhà ìsàlẹ̀ kì í sábà jọra, ẹ wá méjèèjì. iNaturalist, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 bí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Califonia ní Berkeley, jẹ́ ibi tí àwọn tó mọ̀ á ti sọ ohun tó jẹ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e síbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí ẹ ti rí i, torí láìsí méjèèjì, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ìmọ̀.

Ibi tí ẹ ti yà á

Fóònù máa ń kọ ibi tí ó wà sínú fáìlì, ó sì lè sún mọ́ ọn débi ìwọ̀n mítà díẹ̀. Fún òkè tàbí etíkun, kò séwu. Fún àgbáǹréré, ìtẹ́ ẹyẹ, ibi tí ìjàpá òkun ti ń yé ẹyin, tàbí òdòdó tó ṣọ̀wọ́n, ìyàtọ̀ wà níbẹ̀. Ọdẹ tí kò gbàṣẹ lè wà lára àwọn tó ń wo fọ́tò yín, bí kò bá sì sí ọdẹ, ọgọ́rùn-ún èèyàn tó fẹ́ lọ ya tiwọn lè lé ẹyẹ kúrò lórí ẹyin rẹ̀. iNaturalist mọ èyí: ẹ̀dá tó bá wà nínú ewu, á fi ibi tó wà pamọ́ fúnra rẹ̀ sínú àyè tó fẹ̀ tó ìdá méjì nínú mẹ́wàá díígírì kan, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 22 níbùú lóòró lágbègbè ìlà tó pín ayé sí méjì. Google Photos ò ní ṣe ìyẹn fún yín, WhatsApp náà ò sì ní ṣe é bí ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi "Document".

Lórí iPhone, nígbà tí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ tẹ "Options" lókè, kí ẹ pa "Location". Lórí Windows, ẹ tẹ fáìlì náà lọ́wọ́ ọ̀tún, "Properties", "Details", kí ẹ yan èyí tó ní kó yọ ọ̀rọ̀ nípa ara ẹni kúrò. Fún ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ExifTool (ADIN ni orúkọ fódà níbí):

exiftool -gps:all= ADIN

Lẹ́yìn èyí ẹ tún wo ojú fọ́tò fúnra rẹ̀. Bí pátákó tó ní orúkọ ojú ọ̀nà bá wà lẹ́yìn ẹyẹ náà, asán ni yíyọ tí ẹ yọ ọ́ nínú fáìlì. Ẹ gé e kúrò. Lábẹ́ fọ́tò, orúkọ àgbègbè ti tó.

Ọ̀rọ̀ ilé náà wà níbẹ̀. Fọ́tò tí ẹ yà nígbà tí ẹ ń di ẹrù nílé ní àdírẹ́sì ilé nínú. Kí ẹ sì má gbé fọ́tò ìsinmi síta fún gbogbo ayé nígbà tí ẹ ṣì wà lọ́hùn-ún, torí ẹ ti sọ fún ẹni tí ẹ ò mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan nílé. Ẹ pín in láàárín ara yín, kí ẹ dúró dìgbà tí ẹ bá dé.

Ta ló ni ín, ta ló wà nínú rẹ̀

Ẹni tó ya fọ́tò ló ni ín. Àdéhùn Berne ọdún 1886 lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, tí èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti fọwọ́ sí, kò ní kó forúkọ sílẹ̀ níbì kan kó tó di tirẹ̀. Pé ó fi sínú álúbọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ kò sọ ọ́ di ti ẹgbẹ́ láti máa lò bó ṣe wù ú. Nítorí náà ẹ ṣe àdéhùn tó ṣe kedere lọ́jọ́ kìíní: ẹgbẹ́ lè fi hàn láàárín ara wa, bí a bá fẹ́ gbé e síta, a máa béèrè, a sì máa kọ orúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo ayé lò ó lè fi àṣẹ Creative Commons sí i, ìyẹn àṣẹ ìlò tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti mú lò. CC BY ní kí wọ́n kàn máa dárúkọ rẹ̀. CC BY-NC ní kí wọ́n má fi ṣòwò. Kó mọ̀ pé ẹni tó bá ti gba fọ́tò lábẹ́ àṣẹ yẹn, kò lè gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, àti pé Wikimedia Commons, ibi tí Wikipedia ti ń mú fọ́tò, kì í gba èyí tó bá ní NC.

Fún àwọn tó wà nínú fọ́tò, ẹ béèrè lọ́jọ́ kìíní ta ni kò fẹ́ kí ojú òun jáde síta, kí ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Fún ọmọdé, òbí ló ń sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ yọ tòun, ẹ yọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má béèrè ìdí.

Ìpamọ́

Ẹ̀dà mẹ́ta, sórí oríṣi nǹkan méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan wà níbòmíràn. Fún àpẹẹrẹ, kọ̀ǹpútà, háàdì dísíkì tó dá dúró, àti ìkànnì ìpamọ́. Áàpù tó ń mú fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì dọ́gba kì í ṣe ìpamọ́ ní tiẹ̀, torí ohun tí ẹ bá pa rẹ́ níhìn-ín, á pa á rẹ́ lọ́hùn-ún. Ẹ má pa ohun tó wà nínú mẹ́mọ́rì kádì rẹ́ títí ẹ fi ní ẹ̀dà méjì níbòmíràn, nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ pa á rẹ́, inú kámẹ́rà ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà.

Bí ẹ bá fẹ́ pàdé láti jọ wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ńlá, fọ́tò 100 ní ìṣẹ́jú àáyá 6 níkọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 10, ìyẹn ti tó. Fọ́tò tó dúró lóòró máa ń fi dúdú sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ so méjì pọ̀ sójú kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ẹni tó ń bójú tó fọ́tò kọ sí gbogbo èèyàn pé òun fẹ́ pa líǹkì, kó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan láti gba tiwọn sílẹ̀, kó sì pa á. Kó fi fódà gbogbo fọ́tò náà lé ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ lọ́wọ́ pẹ̀lú, tí ohunkóhun bá ṣe háàdì dísíkì tirẹ̀.